Alùpùpù Luvsan

Tíì tí mo dà sójú ọ̀run láàárọ̀ yìí
di yìnyín kó tó balẹ̀.
Mo gbọ́ ọ, ó ń dún wàràwàrà bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já.

Mo bu ẹyin iná ìgbẹ́ màlúù sínú àwo irin,
mo tì í sábẹ́ ikùn alùpùpù,
mo fi awọ àgùntàn bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn.
Ẹ́ńjìnnì kì í ṣàdédé jí nínú oṣù yìí.
O ní láti bẹ̀ ẹ́. O ní láti jókòó tì í
títí epo inú rẹ̀ yóò fi rántí bí wọ́n ti ń ṣàn.

Luvsan kò kọ́ mi ní gígùn rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀.
Ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ kò tólẹ̀."
Kò tólẹ̀ títí di òní.
Bí mo bá fẹ́ dúró, mo máa ń wá òkúta.

Mo ta á nípàá. Ó wúkọ́.
Mo tún ta á. Ó dákẹ́ bí ajigbèsè.
Lẹ́ẹ̀kẹfà ni ó tó bú ramúramù,
èéfín funfun bo ẹnu àgọ́,
ajá sáré jáde, ó ń ju ìrù:
ó rò pé Luvsan ló fẹ́ lọ.

Kìlómítà mẹ́tàdínlógún
ni òkè tí fóònù ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Atẹ́gùn kò fẹ́ rárá. Èmi tí mò ń sáré
ni mo fọwọ́ ara mi dá atẹ́gùn sílẹ̀,
òun náà ló wá ń fi abẹ bẹ́ mi lójú.
Mo tẹ́ ìwé ìròyìn sáyà lábẹ́ ẹ̀wù,
mo wọ ìbọ̀wọ́ lé ìbọ̀wọ́,
síbẹ̀ àwọn ìka mi ń kú níkọ̀ọ̀kan.
Ọmọńdinrín ló kọ́kọ́ lọ.

Odò ti di títì.
Nígbà ooru, ẹṣin pàápàá ń ṣojo níbí;
lónìí táyà mi ń yí lórí rẹ̀,
yìnyín ń kérora nísàlẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.
Mi ò fọwọ́ kan búréèkì.
Ẹni tó bá tẹ búréèkì lórí yìnyín,
ilẹ̀ ni yóò bá a parí ọ̀rọ̀.

Bàbá Badarch dá mi dúró lórí ràkúnmí rẹ̀:
"Níbo, nínú irú òtútù yìí?"
Mo ní, "Oṣù Enerel ti pé."
Kò bi mí ní nǹkan mìíràn. Ó yà fún mi.

Mo dé orí òkè, fóònù ti kú.
Bátìrì tó kún bámúbámú nílé, òtútù ti mu ún gbẹ.
Mo tú bọ́tìnnì èjìká, mo tì í sí abíyá,
ibi tí mo máa ń gbé ọ̀dọ́ àgùntàn tí ìyá rẹ̀ kọ̀ sí.
Ó jẹ mí lára bí eyín.
Mo fi alùpùpù sílẹ̀ kó máa dún
(bí mo bá pa á, ta ni yóò jí i?),
mo yí òkìtì òkúta àwọn baba wa po lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
n kò gbàdúrà kankan,
mo kàn ń rìn kí ẹsẹ̀ mi má baà kú tẹ̀lé ìka.

Fóònù lajú.
Ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ló kù nínú rẹ̀.
Ó dún. Ó dún.
"Màmá..."
lẹ́yìn ohùn rẹ̀, igbe kan, kékeré, oníbìínú,
gẹ́lẹ́ bí ẹ́ńjìnnì tó jí nígbà kẹfà.
Ni ojú fóònù bá ṣú.

Mi ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.
Mi ò gbọ́ orúkọ.
Mo mọ̀ pé ó ń mí, inú sì ń bí i.

Òtútù kò dín lọ́nà ilé.
Mo ti rìn jìnnà kí n tó rí i
pé mi ò tíì dé bọ́tìnnì èjìká mi.
Nígbà tí mo dé àárín odò,
mo tẹ fèrè Luvsan lẹ́ẹ̀mejì.
Kò sẹ́ni kankan tó dí mi lọ́nà.